Bí A Ṣe Ń Wọn Ẹ̀bi Nínú The Scarlet Letter

Orí 2 péré ni mo kà dé nínú The Scarlet Letter, ìwé tí Nathaniel Hawthorne gbé jáde ní 1850, tí mo ti dá Hester Prynne lẹ́bi. Obìnrin náà dúró lórí pèpéle ìtìjú lọ́jà Boston, ọmọ oṣù 3 lápá rẹ̀, lẹ́tà A pupa tó fi òwú wúrà ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ láyà, àmì panṣágà. Mo ní ẹ̀rí ti pé. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, òṣìkà ni. Mi ò tíì gbọ́ ti àwọn ọkùnrin méjèèjì.

Bí mo ṣe ń wọn ẹ̀bi nísinsìnyí rèé. Ẹ fa ìlà sórí bébà, kí ẹ pín in sí òpó mẹ́ta: Hester, pásítọ̀ Dimmesdale tó fún un lóyún, àti Chillingworth ọkọ rẹ̀. Ẹ má kọ panṣágà yẹn síbẹ̀ rárá. Ó ti ṣẹlẹ̀ kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí ààyè yọ fún wọn láti ṣe ohun tó tọ́ ni kí ẹ kọ, pẹ̀lú ohun tí wọ́n ṣe.

Dimmesdale ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, torí ohùn rẹ̀ dùn, ó sì máa ń tan òǹkàwé. Ní orí 3, òun gan-an ló ń bẹ Hester níwájú gbogbo ìlú pé kó dárúkọ ọkùnrin náà. Ẹ kọ ọ́. Lórí àga ìwàásù, ó ń sọ pé òun burú ju gbogbo ẹlẹ́ṣẹ̀ lọ, ìjọ sì túbọ̀ ń bọlá fún un. Ó mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni wọn yóò ṣe gbọ́ ọ. Ìjẹ́wọ́ tí kò dárúkọ ẹ̀ṣẹ̀, irọ́ ni lójú tèmi. Ní orí 12 ó gun pèpéle náà, àmọ́ lóru. Pearl ọmọ rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó bi í bóyá yóò bá òun àti ìyá òun dúró níbẹ̀ lọ́sàn-án ọ̀la. Ó ní rárá. Ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì. Láti ọjọ́ tí Hester dúró níbẹ̀, nǹkan bí ọdún 7 ló kọjá kó tó gun ún lójú ọ̀sán, níbi tó kú sí.

Òpó Hester kúrú, àmọ́ kò ṣófo: ó búra ní orí 4 pé òun ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé Chillingworth ni ọkọ òun, ó sì dákẹ́ bí ọkùnrin náà ṣe ń jẹ Dimmesdale run.

Chillingworth ló le jù. Ó gbà pé òun ló kọ́kọ́ ṣẹ Hester, bó ṣe fẹ́ ọmọdébìnrin tí kò nífẹ̀ẹ́ òun. Síbẹ̀, ó fi iṣẹ́ oníṣègùn bojú, ó ń yọ́ wo ọkàn Dimmesdale, aláìsàn rẹ̀. Ní orí 14, Hester bẹ̀ ẹ́ pé kó dárí ji Dimmesdale. Ó ní àyànmọ́ àwọn ni. Dimmesdale sọ ní orí 17 pé ẹ̀ṣẹ̀ Chillingworth dúdú ju tàwọn lọ. Mo gbà, ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ẹni tí wọ́n ń ṣẹjọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ ló sọ ọ́.

Kí ẹ tó ká bébà yín, ẹ ṣí orí tó kẹ́yìn. Kí ọdún tó yípo, Chillingworth kú, ó sì fi dúkìá rẹ̀ sílẹ̀ fún Pearl, ọmọ tí kì í ṣe tirẹ̀. Mo kọ ìyẹn sábẹ́ orúkọ rẹ̀. Pẹ́ńsù ni mo fi kọ ọ́ títí dòní.