Bí mo ṣe forúkọ Tọ́kì ayé àtijọ́ sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ SCA

Durmuş bin Mehmed ni mò ń jẹ́ nínú ẹgbẹ́ SCA, ìyẹn Society for Creative Anachronism, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Berkeley, California, lọ́dún 1966. Ìgbé ayé àwọn tó wà láyé ṣáájú 1600 la máa ń ṣàfihàn níbẹ̀: aṣọ wọn, oúnjẹ wọn, ìjà idà wọn, iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Kò sẹ́ni tó ní kéèyàn má jẹ́ orúkọ tó wù ú, àmọ́ tó bá fẹ́ kí ẹgbẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé, kí ẹlòmíì má bàa sọ ọ́ di tirẹ̀, ó di dandan kó gba ọ̀dọ̀ àwọn tí à ń pè ní herald kọjá, ìyẹn àwọn tó ń yẹ orúkọ àti àmì ara asà wò fún ẹgbẹ́. Mo ti gba ibẹ̀ kọjá, ó sì dùn mọ́ mi débi pé mo fẹ́ sọ bó ṣe rí fún ẹni tí orúkọ Tọ́kì bá ń wù.

Durmuş túmọ̀ sí "ó ti dúró". Ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn àwọn tí kò dúró ni wọ́n máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Dursun náà wà, "kó dúró". Satılmış wà, "a ti tà á". Èmi tí Dúrójayé àti Málọmọ́ wà nínú ẹbí mi, kí ni mo tún ń wá kiri?

Ohun tí herald kọ́kọ́ bi mí ni pé: ta ló jẹ́ ẹ, lọ́dún wo, inú ìwé wo lo ti rí i? SENA ni ìlànà tí wọ́n ń tẹ̀ lé, láti 2012. Ó ní ẹ̀yà orúkọ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rí pé wọ́n ń jẹ́ ẹ ṣáájú 1600, wọ́n sì fàyè díẹ̀ sílẹ̀ fún èyí tó bọ́ sáàárín 1600 sí 1650. Orúkọ àbísọ nìkan kò tó, nǹkan kan gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e. Ìkànnì orúkọ ọmọ tuntun kò wúlò rárá níbí. Orúkọ ìdílé òde òní náà kò wúlò, torí ọdún 1934 ni òfin ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ orúkọ ìdílé di dandan fún gbogbo ará Tọ́kì. Mustafa Kemal tó jẹ́ ààrẹ wọn gan-an, ọdún yẹn ló di Atatürk.

Ibi tí ẹ̀rí pọ̀ sí ni tahrir defteri, ìwé owó orí ìjọba Ottoman, tó ń ṣàkóso Tọ́kì nígbà náà, láwọn ọdún 1400 àti 1500. Abúlé dé abúlé ni wọ́n kọ orúkọ baálé ilé àti ti bàbá rẹ̀ sí i, àwọn onímọ̀ ìtàn sì ti tẹ púpọ̀ nínú wọn jáde ní lẹ́tà ABD. Mo fẹ́ràn àwọn ojú ìwé yẹn gan-an: Ahmed, Hızır, Yusuf, Durmuş, wọ́n tò tẹ̀ léra, àgbẹ̀ lásán, kì í ṣe ọba, kì í ṣe pásà tó jẹ́ ìjòyè ńlá. "Veled-i" ló sábà máa ń so ọmọ mọ́ bàbá níbẹ̀. Nínú ìwé ilé ẹjọ́ kádì, ìyẹn adájọ́ Ìsìláàmù, "bin" ni ti ọkùnrin, "bint" ni ti obìnrin. Ilé ẹjọ́ yìí ni kí obìnrin tó ń wá orúkọ yà sí, torí ìwé owó orí kì í fi bẹ́ẹ̀ dárúkọ obìnrin, bẹ́ẹ̀ wọ́n ń ta ilé, wọ́n sì ń gba ẹ̀tọ́ ogún wọn níwájú kádì. Ẹni tó bá rí "bin Abdullah" lemọ́lemọ́, kó mọ̀ pé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba Ìsìláàmù ni wọ́n sábà ń kọ ọ́ fún. Piri Reis náà, lórí àwòrán ayé tó yà ní Gelibolu lọ́dún 1513, Piri ọmọ Hacı Mehmed ló pe ara rẹ̀. Reis yẹn, oyè ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi ni.

Ọ̀rọ̀ oyè gba ìṣọ́ra. Orúkọ kò gbọ́dọ̀ fi èèyàn sí ipò tí ẹgbẹ́ kò fi jẹ, torí ẹgbẹ́ ní ọba àti ìjòyè tirẹ̀. Mo fara mọ́ òfin yìí pátápátá. Ẹni tó bá mọ Mọ́sálásí Shitta-Bey l'Ékòó á mọ bí irú oyè bẹ́ẹ̀ ṣe wúwo tó: Sultan Abdülhamid Kejì, ọba Ottoman, ló fi oyè Bey ta Mohammed Shitta lọ́rẹ nígbà tí wọ́n ṣí mọ́sálásí tó kọ́ ní 1894, ẹbí rẹ̀ sì ń jẹ́ ẹ dòní. Kì í ṣe ohun téèyàn ń fà wọ̀ bí ẹ̀wù.

Ọdún 1928 ni lẹ́tà ABD dé Tọ́kì. Lẹ́tà Lárúbáwá ni wọ́n fi kọ àwọn ìwé tí mo ń sọ yìí. Nítorí náà, ọ̀nà kan ṣoṣo ni kéèyàn fi yí orúkọ náà sí ABD látòkè délẹ̀. Kí apá kan má ṣe dà bíi ti Lárúbáwá kí ìyókù dà bíi ti Tọ́kì. Mehmed ni mo kọ, mi ò kọ Mehmet, torí "t" yẹn, ti òde òní ni. Ẹ̀yà orúkọ tó wá láti agbègbè kan náà kò sì gbọ́dọ̀ fi ju 500 ọdún lọ jìnnà síra. Orúkọ bíi Bilge tó wà lára òkúta Orhon, àwọn òkúta tí wọ́n kọ èdè Tọ́kì ayé àtijọ́ sí láwọn ọdún 700, kò lè ní bàbá tó san owó orí ní 1530.

Ẹ má kánjú lórí fọ́ọ̀mù. Ó béèrè pé tí wọ́n bá ní láti tún orúkọ náà ṣe, kí lo fẹ́ kí wọ́n dá sí jù: ìró rẹ̀ ni, ìtumọ̀ rẹ̀ ni, èdè rẹ̀ ni, àbí àṣà rẹ̀? Ìtumọ̀ ni mo mú, kí Durmuş má bàa kúrò níbẹ̀. Mo so ẹ̀dà ojú ìwé tí orúkọ wà mọ́ ọn, pẹ̀lú ojú ìwé tí àkọlé ìwé náà wà. Àwọn herald agbègbè wa yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n fi í sórí ìkànnì OSCAR kí àwọn herald yòókù lè dá sí i, bóyá ó jọ orúkọ tí ẹgbẹ́ ti gbà tẹ́lẹ̀ jù tàbí pé ó jẹ́ ti gbajúmọ̀ kan nínú ìtàn. Ẹni tí wọ́n ń pè ní Pelican ló ń dájọ́ ìkẹyìn, oṣooṣù ni lẹ́tà ìpinnu ń jáde. Ó gba oṣù mélòó kan kó tó kàn mí, wọn ò sì yí lẹ́tà kankan padà. Àmì ara asà mi ni mò ń yà báyìí; wọn kì í gba àmì ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí nínú ìwé.