Pilates àti irin gbígbé lẹ́yìn ọdún 40: àwọn àṣìṣe tó ń ba ẹ̀yìn jẹ́

Ẹni ọdún 46 ni mí nígbà náà. Mo tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ní Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin níbí, mo ṣe Pilates, eré ìdárayá tó ń fún ikùn àti ẹ̀yìn lágbára, fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú títí ikùn mi fi ń gbọ̀n. Bí mo ṣe dìde báyìí, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ àpò ìrẹsì tí mo rọ iyanrìn sí, mo ní kí n gbé e. Nǹkan dún "pà" ní ìbàdí mi. Odidi ọjọ́ mẹ́rin, mi ò lè wẹ̀ láìdi ògiri mú. Ohun tí mo ṣe yẹn ni mo tún ń rí lọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́ mi, ó sì ń dùn mí.

Ibi tí mo ti ṣìnà ni pé mo fi Pilates ṣáájú irin; àpò iyanrìn yẹn ni irin tèmi. Iṣan kan wà ní ìsàlẹ̀ ikùn tó yí ìbàdí ká bí ọ̀já tí ìyá fi ń pọn ọmọ. Òun ló ń di ẹ̀yìn mú tí a bá ń gbé ẹrù, òun náà sì ni Pilates ń lò jù. Tí ẹ bá ti lò ó dé góńgó kí ẹ tó mú irin, ọ̀já ti tú, ọmọ ṣì wà lẹ́yìn. Ẹ jẹ́ kí irin ṣáájú, kí Pilates tẹ̀lé e, tàbí kí ẹ pín wọn sí ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, èyí tí mo fẹ́ràn jù. Tó bá jẹ́ láti mú ara gbóná ni, Pilates fẹ́ẹ́rẹ́ fún ìṣẹ́jú 5 ti tó.

Èyí tó tẹ̀lé e kì í tètè hàn. Tí a bá dùbúlẹ̀ ṣe Pilates, wọ́n sábà máa ń ní kí a tẹ ìbàdí mọ́ ẹní. Kò burú lórí ilẹ̀. Àmọ́ ẹ má gbé àṣà yẹn dé ìdí irin, torí ńṣe ni ẹ̀yìn á tẹ̀ kọrọdọ. Ẹ wo ìyá tó ń gbé agbọ̀n tòmátì lọ́jà: á kọ́kọ́ sún mọ́ ọn, á tẹ orúnkún, á ti ìdí sẹ́yìn, àyà rẹ̀ á máa wo iwájú, agbọ̀n á sì fara mọ́ ọn kó tó gòkè. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni kí ẹ ṣe gbé irin.

Ẹ má sé èémí. Joseph Pilates, ọmọ Jámánì tí wọ́n bí ní 1883, tó dá eré yìí sílẹ̀, ka mímí sí gan-an. Nínú eré Pilates kan tí wọ́n ń pè ní Hundred (ọgọ́rùn-ún), a óò mí sínú fún kíkà 5, a óò mí síta fún kíkà 5, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Síbẹ̀, bí irin bá ti dọ́wọ́ ẹlòmíì, á pa ẹnu dé pinpin. Ìyẹn máa ń gbé ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ sókè lójijì, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ wa ló ní ẹ̀jẹ̀ ríru láìmọ̀. Ẹ lọ wọn tiyín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Tí ẹ bá ń gbé irin sókè, ẹ mí síta; tí ẹ bá ń sọ̀ ọ́, ẹ mí sínú.

Àwọn ìyá míì á ní Pilates nìkan ti tó àwọn. Rárá o. Lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá ti dá, egungun obìnrin máa ń tètè fúyẹ́, ẹrù wíwúwo sì wà lára ohun tó ń mú un le. Ìgbà 2 lọ́sẹ̀, ó kéré tán, ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa ṣe eré tó ń fún iṣan lágbára.

Ìwàǹwára ńkọ́? Iṣan máa ń yára lágbára ju okùn tó so ó mọ́ egungun lọ, nítorí náà irin lè fúyẹ́ lọ́wọ́ yín nígbà tí èjìká kò tíì ṣe tán. Igo lítà 1.5 tó kún fún omi jẹ́ kílò 1.5, tí ẹ bá rọ iyanrìn gbígbẹ kún un, ó ju kílò 2 lọ. Ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tí ẹ bá gbé e lẹ́ẹ̀mejìlá tí ọwọ́ kò gbọ̀n ni kí ẹ tó fi kún un. Kí ara máa ro ní ọjọ́ kejì kì í ṣe àìsàn, àmọ́ ìrora tó ń ta láti ìbàdí wọ ẹsẹ̀, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ.

Ní báyìí, ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀ ni mo ń gbé irin, Ọjọ́rú àti Sátidé ni ti Pilates. Lọ́jọ́ Àìkú, mo kàn ń rìn dé Àkábà Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú wa, mo sì ń padà. Àpò iyanrìn yẹn ṣì wà ní kọ̀rọ̀ ilé. Ó di oṣù kẹsàn-án kí n tó tún fọwọ́ kàn án, ìdajì iyanrìn rẹ̀ ni mo sì kọ́kọ́ dà sílẹ̀.