Bí Mo Ṣe Já Díkódà Olówó Oṣù Sílẹ̀, àti Ọjọ́ Mẹ́ta tí Mo Lò Lórí Òrùlé

Kì í ṣe pé owó oṣù díkódà wa lọ sókè ló bí mi nínú, nítorí kò sí ohun tí kò gbówó lórí nílẹ̀ yìí ní 2024. Ohun tó bí mi nínú ni pé ní oṣù kẹfà ọdún náà, mo san owó tó tó ra ogún lítà epo bẹntiróòlù nígbà náà, nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì sì mọ́, tiransifọ́mà àdúgbò wa ní Àpẹ̀tẹ̀, n'Ìbàdàn, bú gbàù, a sì wà nínú òkùnkùn fún ọjọ́ mọ́kàndínlógún gbáko. Nígbà tí iná padà dé, ọjọ́ mẹ́sàn-án péré ló kù kí owó mi tán. Mo pe àwọn tó ń dá oníbàárà lóhùn, mo ṣàlàyé, mo bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n sún ọjọ́ náà síwájú fún mi. Ọmọbìnrin tó gbé fóònù náà fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé, "Ẹ má bínú, sà. Láti ọjọ́ tí ẹ bá ti san án ló ti ń kà, ẹ wò ó o, ẹ ò wò ó o." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí kì í ṣe òun ló gbé òfin náà kalẹ̀, ṣùgbọ́n inú mi kò rọ̀ títí mo fi sùn lálẹ́ ọjọ́ náà.

Láti 2020 ni mo ti ń gbọ́ tí àwọn aṣòfin l'Ábújá ń sọ pé ó yẹ kí èèyàn máa sanwó bí ó bá ṣe wò ó tó, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ra iná sínú mítà. Ní 2022 wọ́n tún gbé ọ̀rọ̀ náà dìde. Kò tíì dé ilé tèmi.

Kí n tó ṣe ohunkóhun, mo so ìwé àjákọ kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ tẹlifíṣọ̀n, mo sì pa á láṣẹ pé fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹnikẹ́ni tó bá wo nǹkan kan gbọ́dọ̀ kọ ọ́ síbẹ̀. Àwọn ọmọ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n ìwé yẹn nìkan ni ohun tí mo ṣe tí n kò kábàámọ̀ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Ìkànnì tó lé ní ọgọ́rùn-ún ni mo ń sanwó fún; mẹ́fà péré ni orúkọ wọn wọ inú ìwé. Màmá mi, tí wọ́n ń gbé lọ́dọ̀ wa, ń wo eré Yorùbá láti àárọ̀ di alẹ́. Àbígbẹ̀yìn mi ń wo eré ọmọdé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ń wo bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní òpin ọ̀sẹ̀. Èmi ń wo ìròyìn aago mẹ́sàn-án alẹ́ lórí NTA, èyí tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni sanwó fún rárá. Ní ti ìyàwó mi, ó kọ "mo sùn" sínú ìwé náà ní ìgbà mẹ́jọ.

Ohun tí mo kọ́kọ́ yẹ̀ wò ni áńtẹ́nà lásán. Ìbàdàn yìí náà ni iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959, bàbá mi sì máa ń fi yangàn pé àwọn ti ń wo àwòrán nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá Áfíríkà kò tíì mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n díkódà ìjọba tí kò gba owó oṣù, èyí tí Òṣogbo rí ní 2018 tí Èkó sì rí ní 2021, n kò rí i ní àdúgbò wa. Áńtẹ́nà àtijọ́ gbé ìkànnì mẹ́ta wá. Ọ̀kan nínú wọn dà bí ẹni pé yìnyín ń bọ́ lójú rẹ̀. Mo yọ ọ́.

Ohun kejì ni dátà. Àwọn tó ń ṣe eré Yorùbá ti kó ọ̀pọ̀ iṣẹ́ wọn lọ sórí YouTube, ẹnikẹ́ni tó bá ní fóònù sì lè wò wọ́n láìsan owó oṣù kankan. Inú mi dùn nígbà tí mo so fóònù mọ́ tẹlifíṣọ̀n tí Màmá sì rí eré tí wọ́n ti ń wá láti ọjọ́ pípẹ́. Ìdùnnú náà kò ju alẹ́ mẹ́rin lọ, nítorí 10GB tí mo rà fún oṣù kan ti lọ bí omi inú apẹ̀rẹ̀. N kò mọ̀ pé tẹlifíṣọ̀n ńlá a máa mú kí àwòrán náà gòkè sí èyí tó mọ́lẹ̀ jù fúnra rẹ̀, àti pé wákàtí kan àwòrán bẹ́ẹ̀ lè jẹ 1GB tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí mo fi ọwọ́ ara mi yí i sí 360p, ìjẹkújẹ náà dínkù gan-an, Màmá kò sì mọ ìyàtọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ gba ọ̀nà yìí, ibi tí a ti ń yí i yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ wá kí ẹ tó ra dátà rárá. Síbẹ̀, dátà nìkan kò lè gbé ilé ẹlẹ́ni mẹ́fà, pàápàá nígbà tí ọmọdé bá wà níbẹ̀.

Ìyẹn ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ díkódà tí a ń rà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí a óò fi gba àwọn ìkànnì tí wọ́n tú sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ láti ojú sánmà. Mo rà á ní Ògùnpa lọ́wọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan. Mo ti ní abọ́ díìṣì lórí òrùlé, mo ti ní LNB, ìyẹn ojú kékeré tó wà níwájú abọ́ náà, mo sì ti ní wáyà. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní, "Dádì, ẹ má wulẹ̀ gòkè o. Ẹ jẹ́ kí n wá bá yín ṣe é, ẹgbẹ̀rún méje péré ni." Mo rẹ́rìn-ín. Mo ti fi ọdún mẹ́tàlélógún kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì. Ṣé abọ́ lásán ló máa wá dá mi dúró?

Ó dá mi dúró fún ọjọ́ mẹ́ta.

Sátẹ́láìtì tí mo fẹ́ kí abọ́ náà kọjú sí ni Astra 2F, tó wà ní 28.2° ìlà-oòrùn, tó sì ní ìtànṣán kan tó kọjú sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà níbí. Mo ti jókòó ṣe ìṣirò rẹ̀ sórí ìwé: láti Ìbàdàn, ojú abọ́ gbọ́dọ̀ wo ìlà-oòrùn kí ó yà díẹ̀ sí gúúsù, nǹkan bí 106° lórí kọ́ńpáàsì, kí ó sì gbójú sókè tó 60°. Èyí tí kò sí nínú ìṣirò mi ni pé irú abọ́ tí a ń lò nílé, tí apá tó gbé LNB ti ìsàlẹ̀ yọ jáde, kì í wo ibi tó dà bíi pé ó ń wò. Ìtànṣán ń gba òkè wọlé sínú rẹ̀, nítorí náà ó máa ń dà bí ẹni pé abọ́ náà dorí kodò ju bó ti yẹ lọ. Mo fi ìdajì ọjọ́ kìíní ṣòfò sórí ìyẹn nìkan.

Bí iṣẹ́ náà ti rí nìyí: èmi lórí òrùlé pẹ̀lú sípánà, ọmọ mi ọkùnrin lójú fèrèsé, àbígbẹ̀yìn níwájú tẹlifíṣọ̀n. Mo máa yí abọ́ náà díẹ̀, màá pariwo pé, "Ó ti wá?", ẹni tó wà lójú fèrèsé yóò bi ẹni tó wà nínú ilé, ìdáhùn yóò sì gba ojú fèrèsé padà wá bá mi pé, "Rárá, sà!" Ìlà méjì ló wà lójú tẹlifíṣọ̀n, Strength àti Quality. Strength wà ní 80 látìgbà tí mo ti so wáyà pọ̀, mo sì rò pé mo ti ń súnmọ́ ọn. Irọ́ ni ìlà yẹn ń pa fún mi. LNB tó bá ti ń gba iná lè gbé Strength sókè kódà bí ó bá kọjú sí ògiri. Quality ni ó ń sọ pé ẹ ti rí nǹkan. Quality tèmi sì wà ní òdo láti aago mẹ́wàá àárọ̀ títí oòrùn fi wọ̀. Alhaji tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ wa gbé àga síta, ó ń wò mí bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù. Ní ọjọ́ kejì ó pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá.

Òjò lé mi sọ̀kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo ra wáyà tuntun, ní èrò pé èyí tó wà nílẹ̀ ti já nínú. Mo ra LNB tuntun. Mo tú abọ́ náà kúrò lára òpó, mo nù ún, mo tún un so. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, ìyàwó mi béèrè, láìgbé ojú sókè kúrò lórí ẹ̀fọ́ tó ń já, bóyá ẹgbẹ̀rún méje náà ti tán. N kò dáhùn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta ni mo gbé ìgbéraga mi mì, tí mo pe ọ̀dọ́mọkùnrin Ògùnpa náà. Kò béèrè nípa abọ́, kò béèrè nípa ìṣirò mi. Ó ní, "Dádì, nọ́ńbà wo ni wọ́n kọ síwájú LNB nínú menu yín?" Mo wò ó: 5150. Ó dákẹ́ díẹ̀, mo sì gbọ́ pé ó ń gbìyànjú láti má rẹ́rìn-ín. "Ti abọ́ ńlá nìyẹn, sà. Ẹ yí i sí 9750 àti 10600."

Mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ìyẹn ló sì dùn mí jù, nítorí físíìsì mi náà ni. Wáyà kò lè gbé ohun tó ń bọ̀ láti ojú sánmà wọlé bó ti wà, nítorí náà LNB máa ń yọ iye kan kúrò lára ìgbì rẹ̀, tí a ń fi MHz wọ̀n, kí ó tó fi ránṣẹ́ sísàlẹ̀. Bí ìkànnì kan bá wà ní 11,000, tí LNB sì yọ 9,750 kúrò, ní 1,250 ni ó máa dé ọ̀dọ̀ díkódà. Ṣùgbọ́n díkódà tèmi rò pé 5,150 ni wọ́n yọ, ó ń wá ìkànnì náà ní 5,850, ibi tí etí rẹ̀ kò tilẹ̀ lè gbọ́. Bóyá abọ́ náà ti kọjú sí ibi tó yẹ ní ọjọ́ kìíní gan-an, tí èmi fi ọwọ́ ara mi yí i kúrò, n kò lè mọ̀ láé.

Mo padà gòkè bí ilẹ̀ ṣe ń ṣú lọ. Kò tó ogún ìṣẹ́jú tí àbígbẹ̀yìn fi figbe ta, tí ẹni tó wà lójú fèrèsé kò sì nílò láti tún un sọ fún mi. Mo rọra ń sún abọ́ náà bí ìwọ̀n èékánná títí Quality fi dé 68, mo dè é, mo sì dúró sórí òrùlé fún ìgbà díẹ̀ láìsí ìdí kankan. Alhaji pàtẹ́wọ́.

Ọ̀pọ̀ nínú ohun tí a rí gbà ló wá láti Gánà. Màmá kò gbọ́ èdè wọn, ṣùgbọ́n wọ́n ti ní oníwàásù kan níbẹ̀ tí wọ́n ń ṣe "àmín" sí láràárọ̀. Eré Yorùbá tiwọn ń wá láti orí fóònù lálẹ́. Gbogbo owó tí mo ná, pẹ̀lú wáyà àti LNB tí n kò nílò, kò tó owó oṣù méjì tí mo ń san tẹ́lẹ̀. Bọ́ọ̀lù nìkan ni n kò rí ọ̀nà gbé gbà. Ọmọ mi ń lọ sí ilé ìwòran ní òpópónà kejì, mo sì ń fún un lówó ìwọlé, àfi bí Arsenal bá pàdánù ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, nítorí nígbà náà òun fúnra rẹ̀ ni kò ní fẹ́ lọ.

Ohun kan wà tí ǹ bá ṣe lọ́nà mìíràn. Kí n tó tú bóòtù kankan, ǹ bá ti fi ọ̀dà sàmì sí ibi tí abọ́ náà wà tẹ́lẹ̀ lára òpó, tàbí kí n kúkú ra abọ́ kejì tí wọ́n ti lò rí, nítorí sátẹ́láìtì ọ̀tọ̀ ni díkódà àtijọ́ ń lò, bí mo bá sì fẹ́ san oṣù kan péré fún un nígbà ìdíje ńlá, òrùlé náà ni mo tún gbọ́dọ̀ gùn. Nígbà tí Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà bẹ̀rẹ̀ ní Mòrókò ní oṣù kejìlá 2025, mo gbé àkàsọ̀, mo wo òkè, mo sì gbé e padà sẹ́yìn ilé.

Díkódà àtijọ́ náà wà lórí àpótí aṣọ. Àwọn tó ni ín kò tíì gbàgbé mi. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá wọ́n fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ pé bí mo bá lè san oṣù kan, àwọn yóò fi ọjọ́ méje kún un lọ́fẹ̀ẹ́. Mo kà á sétí ìyàwó mi lẹ́ẹ̀mejì. Ọjọ́ méje! Ọjọ́ mọ́kàndínlógún tèmi ńkọ́?