Ariwo tí kò sí nínú yàrá, àmọ́ tó wà nínú ohùn tí mo gbà sílẹ̀

Ìyá àgbà kan ní Ìsẹ́yìn ló sun ẹkún ìyàwó fún mi fún ogójì ìṣẹ́jú. Mo ti ní kí wọ́n lé adìyẹ jìnnà, mo ti pa fáànù, yàrá pa lọ́lọ́. Ìgbà tí mo dé Ìbàdàn tí mo fi hẹ́dfóònù sétí ni mo gbọ́ ọ láàárín ohùn ìyá: tótó-tó-tó, tótó-tó-tó, brrrr. Fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì ni ìyá so mọ́ kókó ìró, máìkì tí mo fi há aṣọ rẹ̀ kò sì jìnnà síbẹ̀. Ẹ̀bi mi ni. Iná tó ń jó lórí ẹ̀rọ ni mo tẹjú mọ́, n kò fi hẹ́dfóònù sétí nígbà tí a ń gbà á lọ́wọ́.

Irú ariwo yìí ló rọrùn jù láti dá mọ̀. Bí fóònù 2G bá ń bá òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì sọ̀rọ̀, kì í sọ ọ́ gbọọrọ, ńṣe ló ń já a ní ìgbà 217 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, agbára rẹ̀ sì lè tó wáàtì 2. Wáyà máìkì á gbé e bí ẹ́ríà tẹlifíṣọ̀n. Kò dìgbà tí ẹnikẹ́ni bá pè, nítorí náà kí ẹ pa ohùn fóònù nìkan kò wo nǹkan kan sàn. Ẹ pa á pátápátá, tàbí kí ẹ tẹ àmì ọkọ̀ òfurufú, tàbí kí ẹ gbé e jáde. 4G kì í ṣe tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ti rẹlẹ̀, fóònù ńlá náà lè padà sí 2G.

Èyí tó ń kùn hùùùù nísàlẹ̀ ohùn láìdá, iná NEPA ni. 50 Hz ni iná wa ní Nàìjíríà, ìyẹn ni pé ó ń lọ, ó ń bọ̀ ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ìkùn náà bá le bí oyin tó há sínú agolo, ìlọ́po rẹ̀, 100 àti 150 Hz, ti bá a wá. Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ẹ yọ ṣájà láptọ́ọ̀pù, kí ẹ jẹ́ kí ó máa lo bátìrì. Bí ariwo bá lọ, ẹ ti mú olè. Bí kò bá lọ, ẹ yọ gbogbo ohun tó wà lára iná, fíríìjì, tẹlifíṣọ̀n, gílóòbù, kí ẹ wá máa dá wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú hẹ́dfóònù létí. Ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta ni mo fi wá tèmi kí n tó rí i pé rẹ́gúlétọ̀ fáànù yàrá kejì ni, irú èyí tí kò ní nọ́ńbà, tí a kàn ń yí díẹ̀díẹ̀. Bí a bá yí i dópin, ariwo á dákẹ́. Bí a bá dá a dúró láàárín, ó tún dé. Ínfátà olówó pọ́ọ́kú tí kì í ṣe pure sine wave, tí iná rẹ̀ kì í lọ geere bíi ti NEPA, burú ju NEPA lọ. N kì í gba ohùn lórí rẹ̀ mọ́.

Ó tún máa ń ṣẹlẹ̀ pé láptọ́ọ̀pù wà lára ògiri kan, míksà wà lára òmíràn, okùn sì so méjèèjì pọ̀. Wáyà ẹ́ẹ̀tì wọn, èyí tó ń gbé iná tó bá ṣìnà lọ sínú ilẹ̀, á di òrùka, ìkùn á máa yí kiri nínú rẹ̀. Ẹ kó méjèèjì sórí ẹ́kísténṣàn kan ṣoṣo. Àwọn kan máa ń gé ẹsẹ̀ pọ́lọ́ọ̀gì tó gùn jù, ti ẹ́ẹ̀tì, kí ariwo lè lọ. Ariwo lè lọ lóòótọ́. Ẹ̀mí náà lè bá a lọ. Ẹ fi ẹsẹ̀ yẹn sílẹ̀.

Bí ẹ bá fọwọ́ kan irin máìkì tí ìkùn dínkù, ó ṣeé ṣe kí ìbòrí tó ń dí ariwo nínú okùn ti já, tàbí kí ilé náà má ní ẹ́ẹ̀tì rárá. Mo ti rí ilé tí ihò mẹ́ta wà lójú ògiri, tí kò sí wáyà kankan lẹ́yìn ihò òkè. Bí irin náà bá ta yín lọ́wọ́ pẹ́rẹ́, ẹ dáwọ́ dúró, ẹ pe oníná.

Okùn máìkì onípíìnnì mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní XLR ni kí ẹ lò. Yàtọ̀ sí ìbòrí, wáyà méjì ló wà nínú rẹ̀. Ẹ kà á sí pé iṣẹ́ kan náà la rán Táyé àti Kẹ́hìndé, àmọ́ Kẹ́hìndé ń jẹ́ ẹ ní ìdàkejì. Ohun tí ariwo bá ṣe fún Táyé lọ́nà ló máa ṣe fún Kẹ́hìndé. Bí wọ́n bá délé, míksà á yọ ti ọ̀kan kúrò nínú ti èkejì: iṣẹ́ tí a rán wọn á di ìlọ́po méjì, ariwo á pa ara rẹ̀. Kí okùn náà má ṣe bá wáyà iná rìn pọ̀; bí wọ́n bá gbọ́dọ̀ pàdé, kí ọ̀kan dábùú èkejì.

Èyí tó ń han tín-ín-rín lókè, tó ń yí ohùn padà bí ẹ ṣe ń lo máọ̀sì, láti ojú USB láptọ́ọ̀pù ló ti sábà ń wá. Ẹ gbìyànjú ojú ihò mìíràn. Èmi ti padà sí ẹ̀rọ kékeré oníbátìrì.

Bí a kò bá lè tún ohùn gbà, Audacity, ètò orí kọ̀ǹpútà tí a fi ń tún ohùn ṣe, ló kù. Nínú Notch Filter rẹ̀, tó ń gé ìró kan ṣoṣo kúrò, 60 ni ẹ máa bá níbẹ̀. Iná Amẹ́ríkà nìyẹn, ẹ yí i sí 50. Ẹ gbé Q kúrò lórí 1 lọ sí 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀, kí ibi tó gé lè tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ rọra ṣe tí ẹ bá dé 100, nítorí ibẹ̀ ni ohùn ọkùnrin máa ń wà tó bá fi ohùn ìsàlẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹ ó gbọ́ ọ bó ṣe máa gbẹ. Fún Noise Reduction, tó ń dín ariwo kù, ẹ máa gba ìdákẹ́jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 10 sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó lanu, kí ẹ̀rọ lè ní àpẹẹrẹ ariwo lásán. Bí ẹ bá fà á jù, ohùn á máa dún bí ẹni tó wà lábẹ́ omi. Tótó-tó-tó ti ìyá kò lọ pẹ̀lú gbogbo èyí, nítorí ó ń dé, ó ń lọ, ó sì wọ inú ohùn gan-an.

Mo padà sí Ìsẹ́yìn. Mo ṣàlàyé fún ìyá, ó tú fóònù kúrò ní kókó ìró, ó ní kí ọmọ-ọmọ rẹ̀ gbé e lọ síta. Mo tan ẹ̀rọ, mo fi hẹ́dfóònù sétí, tótó-tó-tó. Ìyá wò mí. “Àbúrò, ṣé o ti gbé tìrẹ náà jáde?”

Àpò ṣòkòtò mi ló wà.