Bí Ẹ Ṣe Lè Ná Owó Ilé Wálẹ̀ ní Dubai Nígbà Tí Ilé Bá Ń Ṣófo

Lálẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù karùn-ún ọdún 2020, mo dúró lójú fèrèsé pálọ̀ mi ní International City, ní Dubai, mo ń ka fèrèsé ilé tó kọjú sí tiwa. Méjìlélógójì ni mo rí. Mọ́kàndínlógún nínú wọn kò ní iná, kò ní kọ́tìnì, kò sí aṣọ kankan tí wọ́n sá síta. Mo tún kà wọ́n lọ́jọ́ kejì àti ọjọ́ kẹta, torí mo mọ̀ pé àwọn kan ń ṣiṣẹ́ òru. Bákan náà ló rí. Ìgbà yẹn ni mo pinnu pé n kò ní san iye tí mo san lọ́dún tó kọjá.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó fà á, torí ẹni tí kò bá mọ ìdí tí ọjà fi wálẹ̀ kò ní mọ bí yóò ṣe ná an. Nínú èèyàn mẹ́wàá tó ń gbé Dubai, bíi mẹ́sàn-án ló jẹ́ àjèjì bíi tèmi. Iṣẹ́ ló gbé wa dé ibẹ̀, orí iṣẹ́ náà sì ni físà wa wà. Tí iṣẹ́ bá bọ́, físà á bọ́ tẹ̀ lé e, ẹni náà á sì di ẹrù rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dá ọkọ̀ òfuurufú dúró ní ọjọ́ 25 oṣù kẹta ọdún 2020, tí òtẹ́ẹ̀lì àti ṣọ́ọ̀bù di títì pa, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà. Bẹ́ẹ̀ ilé tuntun ṣì ń jáde, torí wọ́n ti ń kọ́lé de Expo 2020, èyí tí wọ́n padà sún sí 2021. Ilé pọ̀, ẹni tó máa gbé e dín. Ó ti ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí ní 2009. Lẹ́yìn 2021 owó ilé tún gòkè gan-an, débi pé ọ̀pọ̀ ẹni tó dé lẹ́yìn ìgbà yẹn rò pé kì í wálẹ̀ rárá. Àwọn ni mo ń bá sọ̀rọ̀ jù.

Yàrá kan àti pálọ̀ ni ilé mi. Dírámù 44,000 ni mò ń san lọ́dún nígbà yẹn, ní ṣẹ́ẹ̀kì mẹ́rin. Ọ́fíìsì kàgò ní Deira ni mo ti ń ṣiṣẹ́, nígbà kónílé-ó-gbélé sì ni wọ́n gé ìdámẹ́rin owó oṣù mi.

Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ gbọ́dọ̀ wò ni ọjọ́ tí àgíríméǹtì yín máa parí. Òfin ilé gbígbé ti Dubai, Òfin 26 ti ọdún 2007 tí wọ́n tún ṣe ní 2008, sọ pé ẹni tó bá fẹ́ yí ohunkóhun padà nínú àdéhùn, yálà onílé tàbí ayálégbé, ní láti sọ fún ẹnì kejì ó kéré tán 90 ọjọ́ kí àdéhùn náà tó parí, àyàfi tí àwọn méjèèjì bá ti fẹnu kò sí nǹkan mìíràn. Mo fi ojú mi rí ohun tí àìmọ èyí ń fà. Ní 2019, ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí tèmi parí ni mo tó lọ bá wọn ní ọ́fíìsì tó ń bójú tó ilé wa. Ọmọkùnrin tó jókòó síbẹ̀ ò tilẹ̀ gbé ojú sókè. Ó ní àkókò ti kọjá, kí n lọ kọ ṣẹ́ẹ̀kì mi. Mo san 44,000. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, ẹni tuntun kó wọ ìsàlẹ̀ ilé wa, irú yàrá kan náà, ó san 39,000. Ó dùn mí wọ eegun. Onílé lè gbà fún yín nígbàkígbà tó bá wù ú o, ṣùgbọ́n tí ẹ bá pẹ́, ẹ ti fi ohun tó máa fi lé yín padà lé e lọ́wọ́. Lọ́dún 2020, ọjọ́ 14 oṣù kẹsàn-án ni tèmi máa parí, nítorí náà ọjọ́ 16 oṣù kẹfà ni 90 ọjọ́ náà bọ́ sí. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ni mo fi lẹ́tà mi ránṣẹ́.

Ẹ̀rù tó ń dá ọ̀pọ̀ wa dúró ni pé, tí mo bá béèrè, ṣé wọn ò ní lé mi jáde? Rárá. Onílé tó bá fẹ́ kí ayálégbé kúrò nígbà tí àdéhùn bá parí gbọ́dọ̀ fún un ní ìwé oṣù méjìlá, nípasẹ̀ nótárì tàbí lẹ́tà tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní ilé ìfìwéránṣẹ́, ó sì gbọ́dọ̀ ní ìdí tí òfin kà sílẹ̀, bíi pé ó fẹ́ ta ilé tàbí ó fẹ́ máa gbé e fúnra rẹ̀. "O béèrè ẹ̀dínkù" kò sí nínú wọn. Kò sì sí òfin tó sọ pé ó gbọ́dọ̀ dín owó kù. Ọwọ́ yín ni ìnájà wà.

Kí ẹ tó ná ohunkóhun, ẹ lọ mọ iye tó ń lọ ní tòótọ́. Ẹ wo Bayut, Property Finder àti Dubizzle, àwọn ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti ń polówó ilé, kí ẹ wá ilé tó jọ tiyín, ní àdúgbò yín gan-an, kì í ṣe ní Marina, àdúgbò olówó. Ẹ ya àwòrán ojú ìwé náà pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀. Ilé tí ẹ bá rí ní ọ̀sẹ̀ yìí, tí ẹ tún rí i ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i, tí iye rẹ̀ sì ti já wálẹ̀, òun ni ẹ̀rí tó dára jù. Ẹ pè wọ́n pẹ̀lú, kí ẹ béèrè iye tó jẹ́ jálẹ̀, torí iye tí wọ́n kọ síta kọ́ ni wọ́n ń gbà nígbà tí ọjà bá tutù.

Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ ilé jù ni nátúúrù, bí wọ́n ṣe ń pe ẹni tó ń ṣọ́ ilé níbí. Tiwa jẹ́ ará Kerala, ó ti wà níbẹ̀ kí n tó dé. Nígbà tí wọ́n sé gbogbo ìlú mọ́lé nínú oṣù kẹrin, mo máa ń bu ìrẹsì àti ọbẹ̀ adìyẹ fún un nígbà tí mo bá ti se oúnjẹ, torí kò rí ibì kankan ra oúnjẹ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí mo bi í, kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó fa òrùka kọ́kọ́rọ́ jáde láti inú dúrọ́ọ̀, ó gbé e sórí tábìlì, ó ní kí n kà á. Kọ́kọ́rọ́ mọ́kànlá, pẹ̀lú nọ́ńbà yàrá tí wọ́n fi bírò kọ sórí téèpù funfun. Mọ́kànlá ilé tó ṣófo nínú ilé wa nìkan! Kò sí ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì kankan tó lè sọ ìyẹn fún mi.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ṣírò ti onílé. Èyí ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ṣe. 44,000 lọ́dún jẹ́ nǹkan bíi 3,666 lóṣù. Tí mo bá kúrò, tí ilé náà bá ṣófo fún oṣù mẹ́ta, 11,000 ti lọ, ká má tíì sọ owó ọ̀dà àti àtúnṣe. Ibẹ̀ ni mo ti rí iye tí mo máa kọ́kọ́ dá lé: 44,000 yọ 11,000, ó ku 33,000. Mo sì ṣírò tèmi náà. Tí mo bá kó lọ, owó ejẹ́ǹtì ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, owó Ejari tuntun (ìforúkọsílẹ̀ àdéhùn ilé lọ́dọ̀ ìjọba), owó àwọn tó máa gbé ẹrù, gbogbo rẹ̀ á tó nǹkan bíi 3,500 tí kò ní padà sí mi lọ́wọ́. Ìyẹn ni pé tí onílé bá dúró lórí 37,000, tí mo sì rí irú ilé náà ní 35,000, ó sàn kí n dúró síbi tí mo wà. Ẹ kọ iye tí ẹ ò ní kọjá sílẹ̀ kí ìnájà tó bẹ̀rẹ̀.

Nínú lẹ́tà, ẹ má fi ẹkún bẹ̀rẹ̀. N kò mẹ́nu kan owó oṣù mi tí wọ́n gé. Tí onílé bá gbọ́ pé owó yín ti dín, ohun tó máa sọ sí i lọ́kàn ni pé ṣẹ́ẹ̀kì yín lè padà, kò sì ní fẹ́ dá yín lóhùn mọ́. Ìlà mẹ́fà ni lẹ́tà mi: pé mo ti gbé ilé náà fún ọdún mẹ́ta, ṣẹ́ẹ̀kì mi kò padà rí, pé mo fẹ́ dúró sí i, pé ilé mẹ́rin tó jọ ọ́ rèé, láti 34,000 sí 37,000, pé mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ṣe é ní 33,000, pé mò ń retí èsì kó tó di ọjọ́ 10. Mo fi ìmọrírì parí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò. Ẹ fi ímeèlì ránṣẹ́, kí ẹ̀rí wà, kí ẹ sì ní kí ọ́fíìsì fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ni ilé gan-an, torí akọ̀wé kò lágbára láti dín kọ́bọ̀ kù.

Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi dákẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n ní 42,000.

Gbági ni ìyá mi ti ń ta léèsì ní Ìbàdàn, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo sì ti ń jókòó láti kékeré. Mo mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ tí oníbàárà bá ti yí ẹ̀yìn padà. Tí ọjà bá ń yá, màmá á kàn tẹ́ aṣọ rẹ̀ padà. Tí kò bá yá, oníbàárà ò ní tíì rìn dé ṣọ́ọ̀bù kejì tí màmá á fi ké pé, "Ẹ padà wá, ẹ gbọ́ ná!" Nítorí náà, n kò dáhùn lọ́jọ́ yẹn. Mo lọ wo ilé mìíràn ní tòótọ́, ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí tiwa, 35,000. Ẹ má parọ́ pé ẹ ti rí ilé o. Tí wọ́n bá ní kí ẹ máa lọ, ẹ gbọ́dọ̀ ní ibi tí ẹ ń lọ. Mo wá kọ̀wé pé mo dúpẹ́, pé mo ti rí ibì kan ní 35,000, ṣùgbọ́n ibí yìí ni ọkàn mi wà. Wọ́n ní 38,000, jálẹ̀.

Ibi tí ṣẹ́ẹ̀kì ti wúlò nìyí. Ní Dubai, wọn kì í sábà gba owó ilé lóṣooṣù bíi ti London. Ṣẹ́ẹ̀kì tí a kọ ọjọ́ iwájú sí ni à ń kó fún onílé lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ṣẹ́ẹ̀kì bá ṣe kéré tó ni ọkàn onílé ṣe ń balẹ̀ tó, àgàgà lọ́dún tí kò dá a lójú ẹni tí yóò ṣì ní iṣẹ́ lóṣù tó ń bọ̀. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n san 35,000 ní ṣẹ́ẹ̀kì méjì dípò mẹ́rin, 17,500 lọ́nà méjì, kí wọ́n sì tún ẹ̀rọ amúlétutù yàrá ṣe. Ọjọ́ kejì ni wọ́n gbà.

Àmọ́ ẹ fetí sí mi dáadáa níbí. Oṣù kẹjọ ni àjọ tí èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi ń dá máa kàn mí, mo sì ti ń tọ́jú ìyókù. Ká ní owó yẹn kò sí, n kò ní dábàá ṣẹ́ẹ̀kì méjì láéláé. Nígbà yẹn, ṣẹ́ẹ̀kì tó bá padà jẹ́ ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá. Láti oṣù kìíní ọdún 2022 òfin ti yí padà, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn mọ́ lọ́pọ̀ ìgbà, ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ kọ ọ́ fún lè gbé e lọ tààrà sí ilé ẹjọ́ tó ń gba gbèsè, wọ́n sì lè dá yín dúró ní pápákọ̀ òfuurufú. Tí iṣẹ́ yín bá ń mì, ẹ yí i padà: ẹ gbà láti san díẹ̀ sí i, kí ẹ béèrè ṣẹ́ẹ̀kì mẹ́fà tàbí méjìlá.

Tí onílé bá ní òun ò lè dín iye náà kù, àmọ́ òun á fún yín ní oṣù kan lọ́fẹ̀ẹ́, kò burú, ṣùgbọ́n ẹ mọ ìyàtọ̀ rẹ̀. Iye tó wà nínú Ejari ni wọ́n máa ti bẹ̀rẹ̀ ìṣirò lọ́dún tó ń bọ̀. Oṣù ọ̀fẹ́ á tán, iye ńlá á sì dúró síbẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ kó èèyàn sínú yàrá láìsọ fún onílé, mi ò dá yín lẹ́jọ́, mo mọ bí ìlú ṣe rí. Àmọ́ òfin ní kí onílé fọwọ́ sí i kí ẹ tó fi ilé rẹ̀ háyà fún ẹlòmíràn. Ẹ yanjú ìyẹn kí ẹ tó kọ lẹ́tà kankan, torí ọ̀rọ̀ náà ni wọ́n máa kọ́kọ́ fà yọ.

Nígbà tí wọ́n bá ti gbà, ẹ má fi ẹnu lásán mọ́ ọn. Ẹ rí i pé iye tuntun wà nínú àgíríméǹtì, kí ẹ sì fi í ṣe Ejari tuntun. Ẹ ka ìwé náà kí ẹ tó kúrò níwájú ẹni tó tẹ̀ ẹ́. Tèmi kọ́kọ́ jáde pẹ̀lú 44,000, ó ní àṣìṣe ni, ó sì tún un tẹ̀ lójú mi. Ẹ wá dúró de bíìlì iná àti omi tí DEWA ń fi ránṣẹ́. Owó ìlú kan wà nínú rẹ̀, ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó ilé ọdún kan, tí wọ́n pín sí oṣù méjìlá. Dírámù 183 àti díẹ̀ ni mo ń san tẹ́lẹ̀. Tí iye àtijọ́ bá ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn oṣù méjì, ẹ gbé Ejari tuntun yín lọ bá wọn. Tèmi já sí 145 àti díẹ̀ nínú oṣù kẹwàá.