Bí o bá fẹ́ jiyàn họ́kì, má bú ìlú oní-ìlú

Aránṣọ ni mí ní Kétu, ní ilẹ̀ Benin, ìsọ̀ mi kò jìnnà sí Àkábá Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú wa. Ọmọ mi àgbà wà ní Montréal, ní Kánádà, òun ló kó họ́kì orí yìnyín ràn mí. Ọkọ àbúrò mi wà ní Ṣábẹ̀ẹ́, ọmọ tirẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní Toronto, ní Kánádà náà. Ikọ̀ ìlú tí ọmọ kálukú wà ni kálukú ń tì lẹ́yìn. Bí oṣù kẹrin bá ti dé, iyàn dé nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ bá wa dá sí i, kó gbọ́ ohun tí mo ti rí kọ́.

Kọ́kọ́ mọ bí wọ́n ṣe ń kà á. Ikọ̀ 16 ló ń wọ ìdíje ìparí sáà NHL, líìgì họ́kì tó ga jù ní Kánádà àti Amẹ́ríkà. Méjì méjì ni wọ́n ń pàdé. Ẹni tó bá kọ́kọ́ na èkejì lẹ́ẹ̀mẹrin ló ń tẹ̀ síwájú, ìpele mẹ́rin sì ni kí ọwọ́ tó tẹ ife Stanley, ife ẹni tó borí gbogbo wọn. Nítorí náà, má fi eré ọjọ́ kan yangàn. Ní 2021, Toronto ti na Montréal lẹ́ẹ̀mẹta, Montréal rí ẹ̀ẹ̀kan péré. Ọkọ àbúrò mi pè mí: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ lọ sùn, ó ti parí.” Mi ò fèsì. Ẹ̀ẹ̀mẹta léra léra ni Montréal nà wọ́n, Toronto sì kó ẹrù rẹ̀ lọ ilé.

Tó bá kan ife, ìwọ fúnra rẹ ni kó o kọ́kọ́ sọ ibi tó ti ń dun ikọ̀ rẹ. Montréal ti gba 24, ṣùgbọ́n ìkẹyìn rẹ̀ ni 1993. Toronto gba 13, ìkẹyìn rẹ̀ ni 1967. Tí o bá pariwo 24 tí o gbé 1993 mì, ẹni tó ń bá ọ jiyàn ni yóò yọ ọ́ jáde, ọ̀rọ̀ rẹ yóò sì di yẹpẹrẹ.

Lẹ́yìn ìyẹn, aṣọ́lé, ẹni tó ń dènà góòlù, ni kó o máa sọ. Èmi kò rí nǹkan tó ṣe pàtàkì tó aṣọ́lé nínú eré yìí. Kékeré ni rọ́bà dúdú tí wọ́n ń fi igi gbá lórí yìnyín, ó sì ń sáré ju ojú lọ. Bí mo ṣe máa ń ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ni pé kí wọ́n wo Àkábá Ìdènà: yàrà ńlá ló yí ìlú ká, ibi tí ọ̀tá lè gbà wọlé gan-an ni agbára gbọ́dọ̀ wà. Ní 1993, Patrick Roy ni ìdènà Montréal. Ẹ̀ẹ̀mẹwàá léra léra ni Montréal borí nínú àfikún àkókò, níbi tí góòlù ẹyọ kan ti ń parí gbogbo ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi iyàn borí mi, kó dárúkọ aṣọ́lé rẹ̀ fún mi.

Má fọwọ́ kan egbò tó ṣì tutù. Ní 2013, Toronto ti ní góòlù mẹ́rin sí ẹyọ kan lọ́wọ́ Boston ní abala tó kẹ́yìn eré keje, Boston sì padà borí, 5 sí 4. Tí ọmọ Toronto kò bá dárúkọ rẹ̀, ìwọ náà má dárúkọ rẹ̀.

Ti ìlú ló wá burú jù. Lọ́dún kan, inú bí mi, mo ní Toronto ò ju ìlú olówó tí kò lẹ́mìí lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni ọkọ àbúrò mi kò gbé fóònù mi. Àbúrò mi ló wá sọ fún mi pé owó tí wọ́n fi kan òrùlé ilé wọn, láti Toronto ni ó ti wá. Mo wọ ọkọ̀ lọ Ṣábẹ̀ẹ́, mo tọrọ àforíjì. Láti ọjọ́ náà, ikọ̀ ni mo ń bú. Ìlú tó bá gba ọmọ ẹnìkan, mi ò ní fẹnu kàn án.

Aago méje alẹ́ Montréal, aago méjìlá òru ni lọ́dọ̀ wa. Tí ikọ̀ ẹni tí ẹ jọ ń jiyàn bá kùnà lóru yẹn, má pè é. Jẹ́ kó jí, jẹ́ kó mu ògì rẹ̀ tán. Èmi máa ń dúró di ìrọ̀lẹ́, àlàáfíà àwọn ọmọ rẹ̀ ni mo sì máa ń kọ́kọ́ béèrè nígbà tí mo bá pè é.