Kí Wọ́n Tó Fi Agbára Kún Ẹ́ńjìnnì Yín, Ẹ Kọ́kọ́ Gba Èyí Tó Ti Sọnù Padà

Bébà kan wà nínú àpótí iwájú ọkọ̀ mi tí mo ká sí mẹ́rin. Nọ́ńbà mẹ́ta ni mo fi bírò kọ sẹ́yìn rẹ̀: 151, 172, 209. Agbára ẹṣin tó dé ẹsẹ̀ táyà ni, ní ọjọ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, lórí ẹ̀rọ ìwọ̀n kan náà. Ọkọ̀ oníbẹntiróòlù ni, lítà méjì, ó ní tọ́bò (ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ kún inú ẹ́ńjìnnì), gíà ọwọ́, ẹsẹ̀ iwájú ló ń wọ́ ọ. Àwọn tó ṣe é sọ pé igba ẹṣin ló ní nígbà tó wà ní tuntun, ṣùgbọ́n níbi ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ nìyẹn, kí gíà àti ṣáàfù tó jẹ nínú rẹ̀.

Láti 151 dé 172, ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan brain box, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì. Kọ́ìlì kan (ohun tó ń fún plọ́ọ̀gì ní iná) tó ti ń kú lọ, plọ́ọ̀gì mẹ́rin àti rọ́bà kan tó ti là ni a pààrọ̀. Ẹṣin 21 tí ọkọ̀ mi ti ní tẹ́lẹ̀ ló padà wá sílé. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń bẹ ẹni tó bá fẹ́ gbé ọkọ̀ lọ fún títíúnù, ìyẹn yíyí fáìlì inú brain box padà kí ẹ́ńjìnnì lè lágbára sí i, pé kó má sáré.

Èmi náà sáré nígbà tèmi. Ṣọ́ọ̀bù tí mo kọ́kọ́ lọ kò tilẹ̀ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Wọ́n so kọ̀ǹpútà mọ́ ọkọ̀, wọ́n da fáìlì kan sínú rẹ̀, kò tó ogún ìṣẹ́jú tí wọ́n fi ní kí n máa lọ. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì, bí mo bá tẹ tọ́ọ̀tù wọlẹ̀ ní gíà kẹta láti gun òkè, ọkọ̀ á máa já gìrìgìrì, iná check engine á sì máa ṣẹ́jú. Bí iná yẹn bá tàn gbọn-in, ẹ ṣì lè rọra wa ọkọ̀ délé. Bí ó bá ń ṣẹ́jú, ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́ọ̀tù. Ó túmọ̀ sí pé sílíńdà kan kò jó epo tirẹ̀, epo tútù ń lọ sínú sàlẹ́ńsà, ó sì lè ba ẹ̀rọ tó ń fọ èéfín mọ́ níbẹ̀ jẹ́.

Àyẹ̀wò

Sìkáànù ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Lábẹ́ sítíárìn, ihò pẹrẹsẹ kan wà tó ní ojú 16. Láti 1996 ni ó ti di dandan fún ọkọ̀ tuntun ní Amẹ́ríkà, àwọn oníbẹntiróòlù ní Yúróòpù sì tẹ̀ lé e ní 2001. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì á ka kóòdù àṣìṣe nìkan, tí kò bá sí, wọ́n á ní kò sí nǹkan. Ẹ ní kí wọ́n fi fuel trim hàn yín, ìyẹn iye tí brain box ń fi kún epo tàbí tó ń yọ kúrò nínú rẹ̀ kí àdàlù epo àti afẹ́fẹ́ lè gún. Bí kò bá kọjá 5 nínú ọgọ́rùn-ún sí òkè tàbí sí ìsàlẹ̀, ọkàn mi máa ń balẹ̀. Tí ó bá ti lé ní 10, nǹkan ń bẹ níbì kan.

Tèmi fi 14 kún un nígbà tí ọkọ̀ dúró lójú kan. Nígbà tí mo gbé ẹ́ńjìnnì dé ìyípo 2,500 ní ìṣẹ́jú kan, ó já wálẹ̀ sí 3. Ẹ wo bí nọ́ńbà méjì yẹn ṣe tú àṣírí: afẹ́fẹ́ ń gba ibi tí kò yẹ wọlé, lẹ́yìn sẹ́ńsọ̀ tó ń ka afẹ́fẹ́. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń fa díẹ̀, afẹ́fẹ́ tó ń jí wọlé yẹn pọ̀ nínú gbogbo ohun tó ń fà. Nígbà tó bá ń fa púpọ̀, kò já mọ́ nǹkan mọ́. Tí tọ́bò bá wá ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú, ihò kan náà á di ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà sá jáde. Èéfín la fi wá a kàn. Wọ́n fẹ́ èéfín sínú ọ̀nà afẹ́fẹ́, ó sì yọ fẹ̀ẹ̀rẹ̀ lára rọ́bà kan tí n kò lè fi ojú lásán rí láéláé.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ jẹ́ kí wọ́n wọn compression, ìyẹn bí sílíńdà kọ̀ọ̀kan ṣe ń fún afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ pọ̀ tó. Wọ́n á tú plọ́ọ̀gì, wọ́n á de géèjì mọ́ ihò kọ̀ọ̀kan, wọ́n á tẹ tọ́ọ̀tù wọlẹ̀ pátá, wọ́n á sì fi sítátà yí ẹ́ńjìnnì. Kì í ṣe bí nọ́ńbà ṣe ga ni mo ń wò jù, bí kò ṣe bí wọ́n ṣe sún mọ́ra. Bí sílíńdà kan bá fi nǹkan bí 10 tàbí 15 nínú ọgọ́rùn-ún rẹlẹ̀ sí èyí tó ga jù, ẹ dúró níbẹ̀. Kí wọ́n ta ọ́ìlì díẹ̀ sínú sílíńdà náà, kí wọ́n tún un wọ̀n. Bí ó bá gòkè, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé rìǹgì písítìn ló ti jẹ. Bí kò bá gòkè, ẹ fura sí fáàfù tàbí gáskẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì. Ẹ́ńjìnnì tó bá wà nípò bẹ́ẹ̀, ìtọ́jú ló ń bẹ̀bẹ̀ fún.

Ẹ gba àwọn plọ́ọ̀gì tí wọ́n tú náà lọ́wọ́ wọn, kí ẹ tò wọ́n bí wọ́n ṣe wà nínú ẹ́ńjìnnì. Imú tó ní àwọ̀ eérú tó pọ́n díẹ̀ dára. Èyí tó dúdú tó sì gbẹ, epo ti pọ̀ jù níbẹ̀. Èyí tó ń dán fún ọ́ìlì, ẹ mọ ohun tó ń wọlé. Èyí tó funfun gbòò, ooru ń jẹ ẹ́. Ti sílíńdà kẹta mi dúdú bí ẹ̀yìn ìkòkò, nígbà tí àwọn mẹ́ta yòókù mọ́. Kọ́ìlì tó ń kú náà nìyẹn.

Ẹni tí ẹ máa gbé e fún

Ẹni tó padà tíúnù ọkọ̀ mi kọ́kọ́ kọ̀ láti ṣe é. Ó gbé e gorí dáínò, ẹ̀rọ tó ń wọn agbára ọkọ̀, ó rí 151, ó pa ẹ́ńjìnnì. Ó ní, “Ọ̀gá, ẹ má bínú, n kò ní fọwọ́ kan brain box lónìí. Ẹ jẹ́ ká wá ohun tó ń ṣe é.” Inú bí mi, nítorí mo ti gba àyè níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló mú mi padà sọ́dọ̀ rẹ̀.

Nítorí náà, kí ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n máa wọn ọkọ̀ kí wọ́n tó ṣe é, tí wọ́n á sì tún un wọ̀n lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ bi wọ́n bóyá àwọn ló ń kọ fáìlì náà níbẹ̀, lójú ọkọ̀ yín, tàbí wọ́n ń rà á láti ibòmíràn. Kí ẹ sì sọ pé ẹ fẹ́ ẹ̀dà fáìlì àtilẹ̀wá, torí bí nǹkan bá yíwọ́, òun lẹ máa fi padà sí ibi tí ẹ ti wá. Ẹni tó bá ṣèlérí nọ́ńbà fún yín kó tó gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì yín, ẹ dágbére fún un.

Ẹ mọ ohun tí ẹ lè retí pẹ̀lú. Àwọn tó ṣe ẹ́ńjìnnì oní-tọ́bò sábà máa ń fi àyè sílẹ̀ nínú rẹ̀, fáìlì nìkan sì lè yí i padà gidi. Èyí tí kò ní tọ́bò, fáìlì nìkan kò lè ṣe púpọ̀ fún un. Afẹ́fẹ́ tó lè fà sínú kò yí padà.

Ọjọ́ dáínò

Epo tí ẹ máa ń rà lójoojúmọ́ ni kí ẹ rọ kún táńkì, kì í ṣe èyí tó dára jù tí ẹ lè rí lọ́jọ́ kan. Fáìlì tí wọ́n bá kọ sórí epo olóctane gíga (èyí tí kì í tètè gbiná fúnra rẹ̀) lè pa ẹ́ńjìnnì tó padà ń mu èyí tó rẹlẹ̀. Ẹ ṣọ́ra fún nọ́ńbà ara pọ́ńpù náà: ọ̀nà ìwọ̀n yàtọ̀ láti orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè, 91 ti Amẹ́ríkà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá 95 ti Yúróòpù dọ́gba. Ẹ kó ẹrù inú búùtù kúrò, kí ẹ wo ọ́ìlì àti omi. Ẹ má gbé táyà tó ti gbó wá; wọ́n máa de ọkọ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú bẹ́líìtì, táyà á sì máa sáré lórí rólà bí ẹni wà lójú ọ̀nà ńlá. Fáànù ńlá gbọ́dọ̀ wà níwájú rédíétọ̀. Bí kò bá sí, ẹ bi wọ́n léèrè.

Gíà tó sún mọ́ kí ẹ́ńjìnnì àti ṣáàfù máa yí dọ́gba ni wọ́n fi ń sá a, gíà kẹrin ni lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ ní kí wọ́n sá a lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò bá jọra, ẹ má gba èyí tó ga jù, ẹ béèrè ìdí.

Ọ̀nà kan wà tí ẹ lè fi mọ̀ bóyá bébà tí wọ́n tẹ̀ fún yín pé. Agbára àti ipá ìyípo (torque, ipá tí ẹ́ńjìnnì fi ń yí nǹkan) kì í dá dúró lọ́tọ̀: kílówáàtì jẹ́ ipá ìyípo ní Nm, ẹ fi iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì yí ní ìṣẹ́jú kan sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ wá fi 9,549 pín in. Ẹ mú ojú kan lórí ìlà, kí ẹ ṣírò rẹ̀ lórí fóònù. Bí kò bá bára mu, bébà náà kò ṣeé gbára lé. Ẹ má sì fi nọ́ńbà dáínò kan wé ti òmíràn. Ẹ̀rọ kan náà ni kó wọn ọkọ̀ yín ṣáájú àti lẹ́yìn.

Nígbà tí iṣẹ́ bá ń lọ, ohun méjì ni ẹ máa rí lójú kọ̀ǹpútà. Ọ̀kan ni àdàlù. Fún bẹntiróòlù, ìwọ̀n afẹ́fẹ́ 14.7 sí epo 1 ni gbogbo epo fi ń jó tán, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì oní-tọ́bò tí wọ́n tẹ̀ dópin máa ń fẹ́ epo ju bẹ́ẹ̀ lọ, nǹkan bí 11.5 sí 12.5, kí inú rẹ̀ lè tutù. Ìkejì ni àkókò tí plọ́ọ̀gì ń ta iná. Bí wọ́n ṣe ń fà á síwájú ni agbára ń gòkè, títí àdàlù yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbiná fúnra rẹ̀ kí iná plọ́ọ̀gì tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìró rẹ̀ dà bí ìgbà tí wọ́n ń gbọn òkúta wẹ́wẹ́ nínú agolo, ó sì ń jẹ orí písítìn.

Tèmi dé 214 lójú kọ̀ǹpútà. Ọkùnrin náà fi hàn mí, lẹ́yìn náà ó fa àkókò iná sẹ́yìn díẹ̀ títí ó fi di 209. Ó ní afẹ́fẹ́ ọjọ́ náà tutù, ọkọ̀ mi sì máa rí ọjọ́ tó gbóná. Ẹ má jẹ́ kí irú ẹṣin márùn-ún bẹ́ẹ̀ dùn yín.

Ẹ má gbà kí wọ́n yọ ẹ̀rọ tó ń fọ èéfín mọ́. Ẹ sọ fún ilé iṣẹ́ ìbánigbófò yín pé ẹ ti yí ọkọ̀ padà, torí wọ́n lè kọ̀ yín sílẹ̀ bí wọ́n bá fúnra wọn rí i. Kí ẹ sì ṣọ́ kílọ́ọ̀ṣì: bí ìró ẹ́ńjìnnì bá ń ga tí ọkọ̀ kò bá yára sí i, ó ti ń yọ̀. Tèmi yọ̀ ní oṣù kejì, a sì ní láti dín ipá ìyípo tó wà ní ìsàlẹ̀ kù títí mo fi pààrọ̀ rẹ̀.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti wa ọkọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, ẹ tún ki ẹ̀rọ sìkáànù bọ ihò abẹ́ sítíárìn, kí ẹ wo fuel trim nígbà tó dúró lójú kan. Ọkọ̀ mi tó ń fi 14 kún un tẹ́lẹ̀ fi 2 hàn mí. Mo yọ bírò, mo kọ ọ́ sábẹ́ 209.